Orin Bẹyẹrunkà Lẹ́nu Bàbá Télọ̀

Abẹ́rẹ́ giramafóònù fọwọ́ ba àwo, ó kọ́kọ́ dún gàrà-gàrà bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò, lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan tí a kò gbọ́ èdè rẹ̀ tú jáde sójúde ilé wa ní Bẹyẹrunkà, n'Ìbàdàn. Bàbá télọ̀ tó ni giramafóònù náà, tó ń gbé ilé kejì sí tiwa, gbé àyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀ kúrò lórí ṣòkòtò, ó dijú. Òórùn sítáàṣì gbígbóná gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, kí ló ń wí?" Èmi ọmọdé ni mo máa ń bi í.

"Táńgò ni, orin ijó òkè òkun. Àdúgbò rẹ̀ ló ń kọrin kí. Ó ní òun ti rin ayé títí ó ti rẹ òun, òun kò rí òpópónà tó dà bíi tàwọn."

Oko kòkó ni bàbá ti lọ ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀ ní erékùṣù Fẹnandopó, lọ́dọ̀ àwọn ará Sípéènì. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ èdè náà. Àwo yẹn àti ẹ̀yìn ríro ló kó bọ̀.

Ó fi Yorùbá sí ohùn orin náà, ó to àdúgbò wa sínú rẹ̀: kànga, ilé alágbẹ̀dẹ, àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ á máa gbè é. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Gbági fi í rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ń fi ẹrẹ̀ Bẹyẹrunkà kọrin. Bàbá kò gbójú sókè nídìí máṣíìnì.

"Ẹrẹ̀ wà ládùúgbò onítáńgò náà. Ẹni tó bá ní ilé ló ń kọrin ilé."

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ tísà, kọ́lé sí Bódìjà, ó sì wá fi mọ́tò gbé e. Bàbá kò fẹ́ lọ, gbogbo wa mọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n tọ́jú yín," ni ọmọ ń wí, omi sì lé sí i lójú.

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí láti máa bá ẹni tó fẹ́ràn mi jà," ló sọ fún ìyá mi, ó sì wọ mọ́tò.

Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, ìyá mi mú mi lọ kí i. Ilé náà mọ́ tónítóní, ó dákẹ́. Aṣọ ni wọ́n fi bo giramafóònù. Mo ní kí bàbá kọ orin náà fún mi.

"Ta ló máa gbè é níbí, ọmọ mi? Ògiri?"

Ni mo bá kọ ọ́ fún un. Mo fo kànga, mo bọ́ sí ilé alágbẹ̀dẹ, ó nawọ́ dá mi dúró: "Rárá, kànga ló ṣáájú. Ṣé o fẹ́ kí n ṣìnà ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, kò nu ojú. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí mọ́tò náà fi gbé e padà sí Bẹyẹrunkà. Ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí rẹ̀ wọlé. Bàbá kò ránṣọ mọ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó kàn máa ń jókòó sójúde, bí ẹnikẹ́ni bá kí i, á dá ohùn onítọ̀hún mọ̀, á fi orúkọ bàbá rẹ̀ dá a lóhùn. Ibẹ̀ ló kú sí nígbà òjò, ibẹ̀ la sin ín sí.

Èmi náà ti darúgbó báyìí, mò ń gbé níbi tí ọ̀nà gún, tí géètì sì ga. Bí wọ́n bá bi mí ní ìlú mi, n kì í lè sọ pé Ìbàdàn kí n dákẹ́. Bẹyẹrunkà á tẹ̀ lé e. Ohun tí bàbá yẹn fi sí mi lára nìyẹn, ó sì máa ń rẹni, nítorí kì í jẹ́ kí ibòmíràn tètè di ilé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kànkùn ní géètì tó kọjú sí tèmi, ti ẹni tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ rí. Obìnrin kan yọjú, ẹ̀rù bà á díẹ̀.

"Kò sí wàhálà," mo ní. "Orúkọ yín ni mo wá bèèrè."