Ojú Funfun Nínú Àpótí Dúdú

Mo rántí bí tàdáwà ìwé ìròyìn ṣe máa ń kun wa lọ́wọ́. Sẹ́mí kan, bí a ṣe ń pe ọlọ́kadà níbí, ló ń fi alùpùpù rẹ̀ gbé e wá láti Pobè, a ó sì pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀gá aṣọ́bodè kan tó ti fẹ̀yìntì ní Adja-Ouèrè, àwa tíṣà àti nọ́ọ̀sì kan. Ojú ewé ẹ̀yìn là ń bá jà: mots croisés, àwọn àpótí funfun tí a ó fi lẹ́tà kún, àti àwọn dúdú tí a kì í fọwọ́ kàn. Àwa ọkùnrin kì í sábà parí rẹ̀. Ìyàwó mi, tíṣà bíi tèmi, máa ń parí rẹ̀, ìyẹn sì ń dun ọ̀gá náà.

Lọ́jọ́ kan, kí n tó wá gíláàsì ojú mi rí, ìyàwó mi ti kọ gbogbo ìdáhùn sí i. Ọ̀gá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ní bodè, mọ́tò tó bá ń sáré jù, ńṣe là ń ní kí wọ́n tú ẹrù rẹ̀. Ìyàwó tíṣà, ta ló ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí ọ?”

“Bàbá, eré àtijọ́ ni wọ́n tún tẹ̀. Ẹ wo ojú funfun kékeré tí tàdáwà kò dé nínú àpótí dúdú yìí. Bẹ́ẹ̀ ló wà nígbà òjò tó kọjá. Mo kàn rántí àwọn ìdáhùn rẹ̀ ni.”

“Ìwé ti ìgbà òjò náà dà?”

“A ti fi dáná.”

“Ẹ gbọ́? Ẹrù fàyàwọ́ ti jóná. Olè ni ọ́.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pè é ní Màdáámù Fàyàwọ́. Ó ní kí ọ̀gá náà kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ níwájú àwọn tó gbọ́ ọ. Ọ̀gá kọ̀. Ìyàwó mi kò débẹ̀ mọ́.

Èmi wá pinnu pé mo máa di ọ̀gá nínú mots croisés, kí n lè fi ojú ọkùnrin yẹn gbolẹ̀. N kò parí ìdajì rẹ̀ rí. Ìyàwó mi wo iṣẹ́ mi, ó ní: “Bàbá wọn, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ọmọ ogun mi, ẹ jẹ́ kí n tètè túúbá.”

Ó kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ọ̀gá náà wá kí wa, ó jókòó láàárín àwọn tó wá bá wa ṣọ̀fọ̀, ó ní obìnrin ọlọ́pọlọ ló lọ yìí.

“Ẹ ṣeun,” ni mo wí. “Ẹ wá sọ pé kì í ṣe olè. Àwọn tó gbọ́ tọjọ́ náà ló jókòó yìí.”

“Tíṣà, eré nìyẹn.”

“Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ó mú fìlà rẹ̀, ó dìde. Àkọ́bí mi ní mo dójú ti àlejò. Mo ní mo mọ̀.

Mo ṣì ń gba iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn lọ sóko mi lọ́nà Kpoulou. Mo máa ń kí nọ́ọ̀sì, mo máa ń kí àwọn tíṣà, mo sì máa ń fo ọ̀gá náà. Wọ́n ní ọkàn mi le, pé àgbàlagbà ni, pé ara rẹ̀ kò yá, kò ní í pẹ́ lọ. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Tó bá lọ láì sọ ọ́, kò sí ẹlòmíràn tó lè gba ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lára ìyàwó mi.