Ọwọ́ Tí Apànìyàn Inú Fíìmù Fi Yìnbọn

Ìró ìbọn ló jí mi lójú oorun ọ̀sán, lórí àga nínú fúláàtì wa ní Barking Riverside, nílùú òyìnbó níhìn-ín. Tẹlifíṣọ̀n ni: fíìmù ọ̀daràn Amẹ́ríkà àtijọ́ kan, aláwọ̀ dúdú àti funfun, irú èyí tí wọn kò náwó púpọ̀ sí. Yàrá kan náà ni wọ́n fi ṣe òtẹ́ẹ̀lì, òun náà ni wọ́n fi ṣe àgọ́ ọlọ́pàá. Kọ́tìnnì nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀: fíìmù tí mo wò lọ́mọdé ni. Àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ni apànìyàn náà fi di ìbọn mú. Ó dà mí láàmú.

"Tèmi, dá a padà sẹ́yìn," ni mo sọ fún ọmọ-ọmọ mi.

"Màmá, kí ló tún dé? Ìbọn ni, ìbọn ni!"

Ó dá a padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọwọ́ ọ̀tún ni.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìjẹ̀bú, ọkọ̀ sinimá a máa wá sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa nírọ̀lẹ́. Wọ́n á na aṣọ funfun sáàárín ọgbà, àwọn àgbà á jókòó síwájú rẹ̀, àwa ọmọdé á wà lẹ́yìn. Àwòrán ń yọ lẹ́yìn aṣọ náà pẹ̀lú, àmọ́ àwọn lẹ́tà ara ṣọ́ọ̀bù inú rẹ̀ kọjú sódì. A gbà pé bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé ní Amẹ́ríkà nìyẹn.

Lẹ́yìn aṣọ yẹn, ọwọ́ òsì ni apànìyàn fi yìnbọn. Ọlọ́wọ́ òsì sì ni Délé, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo: "Ẹ wo Délé nínú fíìmù!" Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, gbogbo kíláàsì ti ń pè é ní Apànìyàn. "Èmi kọ́ o," ló ń wí, ó ń rẹ́rìn-ín, títí kò fi rẹ́rìn-ín mọ́. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn.

Àṣé ibi tí a jókòó sí ló sọ ọ̀tún di òsì.

Mo pe Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n Délé, tó ń gbé nítòsí ọgbà ìgbafẹ́ Parsloes níhìn-ín. Mo ń ṣàlàyé aṣọ, iwájú, ẹ̀yìn; ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ mi lẹ́nu.

"Ìwọ náà! Fíìmù wo? Délé wà nílé ní Ìjẹ̀bú, ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ, lọ́dún tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Màmá wa rò pé tíṣà ló nà án."

Mo gba nọ́ńbà Délé lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ gbólóhùn tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń na aṣọ sáàárín ọgbà mọ́; inú fóònù àtẹ́lẹwọ́ làwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń wo fíìmù. Tèmi gbé tíì wá, ọwọ́ òsì ló fi nà án sí mi. "Fi ọwọ́ ọ̀tún" ti dé ẹnu mi, bó ṣe máa ń dé láti ìgbà tí Tèmi ti mọ̀ ọ́n rìn. Mo gbé e mì. Mo gba ife náà, mo sì tẹ nọ́ńbà Délé.