Ìkíni Tó Ba Àwọ̀ Kọ́sítáàdì Jẹ́

Aago méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni, lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí Bàbá Míkísà fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo rántí ìṣẹ́jú yẹn nítorí pé mo ti wo aago ọwọ́ mi bí ìgbà mẹ́jọ kí n tó wọlé. Ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbà mí síṣẹ́. Wọ́n ti gbà mí, ohun tó tiẹ̀ ń já mi láyà gan-an nìyẹn. Ìyá mi ní mo máa ń ṣàlàyé ọkàn mi jù. Bóyá òótọ́ ni, àmọ́ bí èmi ò bá ṣàlàyé rẹ̀, ta ni yóò bá mi ṣe é?

Ilé iṣẹ́ kọ́sítáàdì kékeré kan ni, ní Òmù-Àrán, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Àrán-Ọ̀rin, ìlú wa. Màmá tó ni ín jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní oúnjẹ sísè. Màmá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Nígbà tí kọ́sítáàdì inú agolo tó ń ti òkè òkun wá wọ́n gógó, wọ́n ní ṣebí àgbàdo náà ni òyìnbó ń lọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n bá lọ ra míkísà àlòkù kan. Ọpọ́n irin gígùn ni, ó rí bí pósí. Irin kan là á já láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, abẹ lílọ́ sì wà lára irin náà. Bó bá ń yí, á máa ro ìyẹ̀fun àgbàdo sókè sódò títí àwọ̀ yẹ́lò á fi dé gbogbo ara rẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n rí i pé àwọ̀ náà dọ́gba. Kẹ́mísìrì ni mo kà ní yunifásítì, mo sì ti sin ìjọba fún ọdún kan. Màmá Tíṣà ní àwọn á fi oṣù mẹ́ta dán mi wò. Bí mo bá yege, iṣẹ́ di tèmi. Bí n ò bá yege, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mò ń padà sí, àwọn tí wọ́n ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ wọn ti di mánéjà.

Bàbá Míkísà ló ń wa ẹ̀rọ náà. Àgbàlagbà mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ ìlú, oníwà pẹ̀lẹ́. Wọn kì í lo aago. Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo bi wọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé àwọ̀ ti pò, wọ́n bá gbé tẹ̀sùbáà wọn sókè. Bí irin bá yí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fa ìlẹ̀kẹ̀ kan. Ìlẹ̀kẹ̀ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fà á yípo lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á pa ẹ̀rọ.

Mo rẹ́rìn-ín nínú, ojú sì tì mí pé mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí a fi aago ọwọ́ mi wò ó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá gééré. Lọ́jọ́ tí a wò ó, iná ìjọba ò lágbára, irin náà sì ń yí bí ẹni tí oorun ń kùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, ìyẹ̀fun ṣì funfun ní apá kan, ó yẹ́lò ní apá kejì. Bàbá tún un tàn, wọ́n ka tiwọn dópin, ó sì dọ́gba wẹ́kú.

"Aago ò mọ̀ pé iná ò dáa," ni wọ́n sọ, wọ́n sì lọ ṣàlùwàlá.

Látìgbà náà ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú oṣù kejì, ìyá kan tó ń tà fún wa ní Ìgbàjà dá àpò mẹ́fà padà. Ó ní òun pò ó fún ọkọ òun, ọkọ òun sì ní kọ́sítáàdì náà ní èéyi. Màmá Tíṣà pò díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú àwo, wọ́n gbé e ka iwájú mi. Lóòótọ́, ara rẹ̀ funfun, tó-tò-tó yẹ́lò sì wà káàkiri.

"Ọ̀gá kẹ́mísìrì," ni wọ́n wí, "kí lẹ ń pe èyí ní yunifásítì?"

Wọ́n fún mi di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí n wá ìdí rẹ̀. Mo wọn àwọ̀, mo tún un wọ̀n. Mo fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Mo kọ́kọ́ fi ife ìyẹ̀fun kan pò ó kí n tó dà á sínú ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kan á dọ́gba, lọ́jọ́ kejì èéyi á tún yọ. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, bí àwọ̀ ṣe wúwo tó, bí iná ṣe rí, àti, nítorí bí Ọlọ́run ṣe dá mi, bí ọkàn mi ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìwé yìí ló mú mi. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo kọ "inú mi bàjẹ́" sí, àwọ̀ dọ́gba. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo kọ "ara mi yá gágá" sí, èéyi. Mo kọ́kọ́ rò pé ayọ̀ mi ló ń ba kọ́sítáàdì jẹ́, mo sì gbìyànjú láti banú jẹ́ ní odidi ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé bí inú mi bá bàjẹ́, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà wọlé, kí ẹnikẹ́ni má rí ojú mi. Bí ara mi bá yá, iwájú ni mò ń gbà, màá sì kúnlẹ̀ kí Bàbá Míkísà.

Lọ́jọ́ kejì mo ka hóró àgbàdo mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sínú àpò aṣọ mi. Mo gba iwájú wọlé, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sì ń fi hóró kọ̀ọ̀kan ka yíyí irin náà láti àpò ọ̀tún sí àpò òsì.

"Ìyàwó mi, ṣé o jí dáadáa? Bàbá rẹ ńkọ́? Ìyá rẹ ńkọ́? Àwọn ará Àrán-Ọ̀rin ńkọ́? Ṣé òtútù àná ò mú yín púpọ̀?"

Gbogbo "ńkọ́" tó bá jáde, àtàńpàkò Bàbá á fa ìlẹ̀kẹ̀ kan. Ẹnu ni ọwọ́ wọn ń tẹ̀ lé, kì í ṣe irin mọ́, ìkíni náà ò sì tán bọ̀rọ̀. Nígbà tí tiwọn pé ìgbà mẹ́ta tí wọ́n sì pa ẹ̀rọ, èmi ò tíì parí ìgbà kejì.

Èmi ni mò ń ba àwọ̀ jẹ́. Ojú tì mí, ọkàn mi sì tún balẹ̀ pé mo mọ ìdí, ẹ̀rù wá bà mí pé ọkàn mi balẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Bí n ò bá kí wọn, ọ̀rọ̀ náà á ti dé etí bàbá mi kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo pinnu pé màá kúnlẹ̀, àmọ́ n ò ní lanu. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ láìsọ̀rọ̀ báyìí, Bàbá pa ẹ̀rọ pátápátá.

"Ta ló kú?" ni wọ́n bi mí.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, mo jẹ́wọ́ fún Màmá Tíṣà níwájú Bàbá. Mo ṣàlàyé títí, mo ka ibi tí mo kọ ọkàn mi sí fún wọn, títí wọ́n fi ní ó tó. Wọ́n yíjú sí Bàbá, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n ti mọ̀. Bàbá ní àwọn fura.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ṣé kí n sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó má kí mi ni?"

Màmá Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n wá pàṣẹ pé láti ọjọ́ Ajé, èmi ni kí n máa ka yíyí míkísà, kí Bàbá lọ máa bójú tó àgbàdo níta. Bí ìyẹn bá dọ́gba títí oṣù mẹ́ta mi fi pé, iṣẹ́ di tèmi. Bàbá na tẹ̀sùbáà wọn sí mi. Mo dúpẹ́, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa lo hóró àgbàdo mi. Ìyá mi ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin nínú ìjọ wa.

Àwọ̀ dọ́gba fún ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ ìta ni Bàbá ń ti wọlé báyìí, wọ́n sì ní èèyàn ò lè bá ẹni lẹ́nu iṣẹ́ kó kọjá láìkí i. "Ìyàwó mi, o kú iṣẹ́ o. Má dá mi lóhùn, mo ti fojú fò ó."

Wọ́n ti fojú fò ó, àmọ́ orúnkún mi ò gbọ́. Kí n tó mọ̀, mo ti wà nílẹ̀, mò ń dáhùn, ọwọ́ mi sì ń kó hóró mẹ́ta-mẹ́ta sínú àpò òsì. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo rí èéyi díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àpò kọ́sítáàdì kan. N ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò ó pé kí n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri pé kí wọ́n má kí mi, àmọ́ ọwọ́ wo ni màá fi kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà?

Oṣù mẹ́ta mi pé lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá àgbà ṣiṣẹ́ rí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ṣé kí n di etí ni, àbí kí n kọ́kọ́ lọ kí wọn nílé ní ìdájí, ká kí ara wa tán pátá kí iná tó dé?