Ẹni Tó Ṣe Ṣaasí Mọ́tò Eré Ìje Yẹn

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Níbi ìkómọ tá a ṣe kẹ́yìn yìí, Àǹtí Ràbí, ẹ̀gbọ́n màmá mi, tún ń pariwo, "Ẹ rọra sọ̀rọ̀ lójú Sìdí o, ṣé ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ Bàbá ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú ń bí mi débi pé mi ò lè jẹ ìrẹsì tí wọ́n bù fún mi. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà yẹn! Ẹni tó bá fẹ́ dá mi lẹ́jọ́, kó kọ́kọ́ jókòó gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Òkè-Ọ̀dàn la wà, lọ́dún tí wọ́n ti bodè. Òórùn irin jíjó ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, torí wẹ́dà ni bàbá tó bí màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù wọn sì wà, páànù mẹ́rin lórí òpó igi. Kí n tó wọ yúnífọ́ọ̀mù, èmi ni mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha èérí kúrò lójú ibi tí wọ́n bá jó pọ̀. Tí wọ́n bá parí iṣẹ́ kan, wọ́n á dojú ẹ̀ dé, wọ́n á mú sísẹ́ẹ̀lì, wọ́n á kọ ilà sí i nísàlẹ̀: mẹ́ta lóòró, ọ̀kan níbùú lábẹ́ wọn. Ilà ojú ìyá wọn ni. Wọn ò kọlà fún Bàbá fúnra wọn. Wọ́n á ní, "Iṣẹ́ tí ò bá lójú, ọmọ àlè ni."

Ṣé ẹ̀ ń rántí ọdún yẹn? Màmá mi tó ń ta aṣọ ní Ìdí-Ìrókò kó ọjà wálé, wọ́n jókòó tì í. Ẹnikẹ́ni ò ṣe géètì mọ́. Àwọn ọlọ́kadà ọ̀nà Ìjọ̀un ló wá bá Bàbá, pé kí wọ́n bá àwọn ṣe kẹ́ríà onírin tó lè gbé àpò ìrẹsì mẹ́rin gba inú igbó. Bàbá ṣe é. Abẹ́ tapólì là ń kó o sí, wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé tí àlejò bá dé, ohun tó wà lábẹ́ tapólì, mi ò rí i. Àmọ́ ẹ wo Bàbá o, wọ́n tún kọ ilà sí ìyẹn náà! Màmá mi bá wọn jà títí. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má kọ ọ́ sí eléyìí." Bàbá ní, "Ṣé èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi ni?"

Àárọ̀ Sátidé kan ni ọkùnrin kan dé láti Abẹ́òkúta. Mọ́tò àtijọ́ ló máa ń rà tó máa ń tún ṣe. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ẹ̀ ló gbé ṣaasí kan sí, irin abẹ́ mọ́tò tó ń gbé gbogbo ara ẹ̀ ró, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí egungun ẹja tí wọ́n ti jẹ ẹran ẹ̀ tán. Ó ní mọ́tò eré ìje ni, òyìnbó Faransé kan ló fi ń sáré ní Àjàṣẹ́ lódìkejì bodè kí wọ́n tó bí àwọn òbí wa. Ó ní òun ti mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti wá, òun mọ ti gíà, ṣaasí nìkan lòun ò mọ ẹni tó ṣe é. Ẹni tó tà á fún òun ní wẹ́dà kan ní Òkè-Ọ̀dàn ni. "Tí mo bá rí i, orúkọ ẹ̀ ni màá kọ sí i lára kí n tó gbé e lọ síbi ìpàtẹ." Ó ní ká wo abẹ́ ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Mẹ́ta lóòró, ọ̀kan níbùú.

Bàbá ti sọ ìtàn òyìnbó yẹn fún wa rí, a rò pé ìtàn arúgbó ni.

Àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni Bàbá gbájú mọ́. Bọ́ńpà mọ́tò Hailọ́ọ̀sì àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tó ń ṣọ́ ọ̀nà ni wọ́n ń jó láàárọ̀ yẹn, ọ̀gá wọn sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa, ó ń jẹ gúgúrú. Ìgbà yẹn ni Láńrewájú, mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì títì, sọdá.

"Há! Iṣẹ́ bàbá mi rèé!"

Ọkùnrin yẹn ní, "Ilà abẹ́ ẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Àwa ọmọ mẹ́rin tí wọ́n bí ni. Àwa mẹ́ta dúró. Èyí tó sùn sílẹ̀ yẹn, àbúrò mi ọ̀lẹ ni."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Láńrewájú yíjú sí Bàbá. "Bàbá Ràbí, ṣebí ẹ mọ bàbá mi?"

"Mo mọ̀ wọ́n," Bàbá fèsì. "Èèyàn dáadáa ni wọ́n." Ọkùnrin yẹn sì fa bírò yọ.

Màmá mi máa ń sọ fún mi pé, "Tínú bá ń bí ẹ, kọ́kọ́ bu omi sẹ́nu. Tó o bá gbé e mì tán, kó o wá sọ̀rọ̀." Omi wo? Mo ti pariwo. "Irọ́ ni! Bàbá mi ló ṣe é!"

Láńrewájú ní, "Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀? Lọ fọ abọ́."

"Ilà ojú ìyá wọn ni! Màá fi hàn yín!"

Bàbá ní, "Sìdí." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rò pé Láńrewájú ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹ wo irú èrò yẹn. Mo sáré, mo ṣí tapólì, mo wọ́ kẹ́ríà tuntun kan jáde, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣaasí yẹn, mo sì dojú ẹ̀ dé.

Ọ̀kan náà ni ilà méjèèjì. Ọkùnrin Abẹ́òkúta kígbe ayọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá nínú eruku. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí ọ̀gá onígúgúrú yẹn tó ti dìde. Ó lóṣòó, ó fi ìka tọ ilà ara kẹ́ríà.

Ó ní, "Bàbá, gbogbo ọ̀kadà tá a gbà nínú igbó ló ní nǹkan yìí lábẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń wá ẹni tó ń ṣe é."

Láńrewájú ti ń fẹ̀yìn rìn. "Ẹ má wo ọ̀dọ̀ mi o. Kò kan bàbá mi mọ́."

Bàbá lè ní àwọn kọ́. Wọ́n wo ṣaasí, wọ́n wo kẹ́ríà, wọ́n wo èmi. Wọ́n ní, "Èmi ni mo ṣe méjèèjì."

Inú Hailọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó bọ́ńpà ẹ̀ tán ni wọ́n gbé wọn sí, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìjórin wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Bàbá lò lọ́dọ̀ wọn. Bàbá padà wálé, ẹ̀rọ ò padà. Wọ́n ṣí bodè, Màmá mi padà sí Ìdí-Ìrókò, Bàbá ò jó irin mọ́. Ọkùnrin Abẹ́òkúta mú ìlérí ẹ̀ ṣẹ, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù Màmá mi, orúkọ Bàbá rèé gbàǹgbà lára ṣaasí. Bàbá wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Wọ́n kọ ọ́ dáadáa," wọ́n dá fóònù padà. Kò pé ọdún kan sí i tí wọ́n fi kú. Wọn ò bá mi wí rí, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Ká ní wọ́n tiẹ̀ gbá mi létí.

Mo ti ń sún mọ́ ogún ọdún báyìí. Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Ìláròó, èmi ni mo kọ́ ara mi, mo sì ti gbọ́ irọ́ tó ju ti Láńrewájú lọ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo wà, mo wolẹ̀, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ọmọ ọdún méjìlá tí mo jẹ́ nígbà yẹn, tó bá rí mi lónìí, bóyá ló máa kí mi. Mi ò mọ èwo ló sàn nínú àwa méjèèjì. Ká ní ó panu mọ́, Bàbá ì bá ní ẹ̀rọ wọn, orúkọ ẹlòmíì ì bá sì wà lára iṣẹ́ wọn títí ayé. Ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ fi ọwọ́ sọ́kàn yín kẹ́ ẹ dá mi lóhùn: ṣé ẹ̀yin máa dákẹ́?