Obìnrin Tó Ń Rẹ Eku Lẹ́kún

Ní ọjọ́ keje oṣù Keje ọdún 2012, àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ kan gbé ìwé jáde pé kì í ṣe ènìyàn nìkan ló ní ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀dá mọ ohun tó ń ṣe é: gbogbo ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú ní in, ẹyẹ náà ní in. Mo ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sọ bó ṣe yẹ ká ṣe sí wọn.

Obìnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò gbọ́ nípa ìwé náà rí. Láàbù yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́: ó ń fọ àgò eku, ó ń pààrọ̀ omi wọn. Ìyá Eku ni gbogbo ibẹ̀ ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Dókítà tó ni ìwádìí náà fẹ́ mọ̀ bóyá eku máa ń bá eku kẹ́dùn. Aago kékeré á dún, iná mànàmáná á ta eku kan lẹ́sẹ̀, èkejì á máa wò ó látinú àgò tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, aago nìkan ni wọ́n á lù fún èyí tó ń wòran. Bí ẹ̀rù bá bà á, á dúró gbagidi; ìyẹn ni Dókítà máa fi mọ̀ pé ó bá èkejì rẹ̀ kẹ́dùn. Òfin ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹranko níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé wọn ṣeré. Bí iṣẹ́ bá parí wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n á fi àwọn eku náà ta ẹni tó bá fẹ́ sìn wọ́n lọ́rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá rú òfin, ìwádìí ti bàjẹ́ nìyẹn: wọ́n á pa gbogbo wọn, wọ́n á wá òmíràn.

Ṣùgbọ́n bí Dókítà bá ti jáde báyìí, Ìyá Eku á gbé àwọn tó ń wòran sí àtẹ́lẹwọ́, á máa fọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọkọ mi. Ó ti tán." Ó ní òun kò lè rí ohun tó ń gbọ̀n kí òun kàn kọjá lára rẹ̀.

Aago wá dún, kò sí ìkankan tó dúró gbagidi. Inú Dókítà dùn, ó rí ohun tuntun.

"Wọn ò mọ nǹkan kan lára, Mà! Ẹnìkejì wọn joró lánàá, àwọn ń jẹun."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú ìwé tó fẹ́ gbé jáde.

Láti ọjọ́ yẹn, ara Ìyá Eku kò lélẹ̀ mọ́. Ó ń gbá ilẹ̀ tó ti gbá. Ó gbé omi kaná, ó gbàgbé rẹ̀ títí ó fi gbẹ. Bó bá sọ òótọ́, wọ́n á pa wọ́n. Bó bá dákẹ́, ìwé á máa sọ ọ́ káàkiri pé eku kò mọ nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀, télọ̀, wò ó títí ó fi sú u.

"Ta ló kú?"

"Kò tíì sí."

"Eku náà ni, àbí? Eku ni 'ọkọ mi', èmi tí mo gbé ọ níyàwó ni 'ìwọ bàbá yìí'."

Ìyá Eku rẹ́rìn-ín, ló bá bú sẹ́kún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jẹ́wọ́ fún Dókítà. Dókítà kò pariwo, ìyẹn gan-an ló sì já a láyà.

"Láti ìgbà wo, Mà?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí wọn. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ ọ́?"

"Torí ẹ fẹ́ kọ ọ́ pé wọn ò lọ́kàn. Ẹ̀rù bà wọ́n. Èmi ni mo rẹ̀ wọ́n lẹ́kún."

"Ìyẹn náà ò tíì dá wa lójú. Ó lè jẹ́ ọwọ́ yín tó móoru ni wọ́n kàn fẹ́ràn."

"Ohun tí ọkọ mi náà fẹ́ràn nìyẹn. Ṣé òun náà ò lọ́kàn ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Dókítà láìròtẹ́lẹ̀. Ní tèmi, Dókítà jàre: eku tí ara tù kò fi hàn pé eku ń kẹ́dùn. Kò sì fi hàn pé kì í kẹ́dùn.

Dókítà fúnra rẹ̀ bẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹranko pé kí wọ́n dá wọn sí. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní bí wọ́n bá gba èyí láyè, gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá ti fẹ́ràn eku kan ni yóò kàn fọwọ́ kàn án kó lè bọ́ lọ́wọ́ ìwádìí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọkùnrin tó ń bá wọn pa ẹranko gbé àpótí gáàsì rẹ̀ kalẹ̀. Eku àkọ́kọ́ tó mú ké, ó jàjàgbara, ó gé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ jẹ. Èkejì sá wọ kọ̀rọ̀ àgò. Dókítà yíjú sí Ìyá Eku tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ dákun, ẹ bá wa gbé wọn sínú àpótí, Mà. Lọ́wọ́ yín nìkan ni ẹ̀rù kì í ti í bà wọ́n."