Aránṣọ Tó Fi Inṣọ́ránsì Sẹ́yìn

Ìyá Aránṣọ kì í ṣẹ́tí aṣọ títí ẹni tó ni ín yóò fi wọ̀ ọ́ dúró níwájú ẹ̀. Ó ní èèyàn ń sanra, èèyàn ń rù, bàtà gbogbo wa ò sì ga bákan náà. Bó ṣe ń ránṣọ ló ṣe ń gbé ayé: ohun tó bá jẹ́ ti etí, ẹ̀yìn ló ń fi í sí.

Bó ṣe kúrò nílé láìra inṣọ́ránsì nìyẹn, ìwé adójútòfò tó ń sanwó ìwòsàn fún arìnrìnàjò. Ọmọ ẹ̀ obìnrin bímọ sókèèrè. Inú ẹ̀ dùn, ó di ẹrù, ó bọ́ sọ́nà. Ọkọ ẹ̀ ló máa ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwé tẹ́lẹ̀. Ọkọ ẹ̀ ti kú. Ilé ti dákẹ́.

Ní ibùdókọ̀ kejì, obìnrin kan yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Àga ni wọ́n fi gbé e lọ. Ìyá Aránṣọ wo orókún ara ẹ̀. Ó pe nọ́ńbà inṣọ́ránsì tí ọmọ ẹ̀ ti fi ránṣẹ́ sí i tipẹ́.

"Màmá, ṣé ẹ ṣì wà nílé?" ọkùnrin tó gbé fóònù bi í.

"Mo ti jáde. Ṣé ẹ ò gbọ́ ariwo ọkọ̀ ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹlòmíì ì bá purọ́. A máa tà á fún yín, àmọ́ ọ̀túnla ló máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó bá ṣe yín ṣáájú ìgbà yẹn, kò kàn wá o."

Ó rà á.

Lọ́jọ́ kejì, àna ẹ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì gbé e délé, ó sáré padà síbi iṣẹ́. Òkè ni ọmọ tuntun wà. Àtẹ̀gùn ilé náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga bí àkàbà, kò sí ohun téèyàn lè dì mú.

"Màmá, ẹ má gòkè o," ọmọ ẹ̀ ké láti orí bẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ẹ̀, kò lè gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀. "Ọ̀la ni inṣọ́ránsì yín máa bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣubú lónìí ńkọ́? Ẹ jókòó, bàbá ọmọ á gbé e wá bó bá dé."

"Mo ti gbọ́."

Ó jókòó. Ó bọ́ bàtà. Ó ń wo ògiri. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ igbe lókè. Ó ké, ó ké, ohùn ẹ̀ há. Ìyá Aránṣọ dìde, ó tún jókòó. Ta ló máa gbọ́ irú igbe yẹn kó máa wo ògiri?

Ó lọ síbi àtẹ̀gùn, ó kẹ̀yìn sí i, ó jókòó sórí ìpele àkọ́kọ́. Ó fọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, ó fìdí gun èyí tó tẹ̀ lé e. Ó sinmi. Ó tún gun òmíì.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe? Mò ń gbọ́ ohun tó ń wọ́ nílẹ̀."

"Mo jókòó. Ṣebí o ní kí n jókòó."

Ẹ̀yìn ẹ̀ lọmọ ẹ̀ kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Màmá, ẹ ṣàánú egbò mi."

"Wọ́n ní kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀. Tèmi ti di ìdí."

Ó gba ọmọ. Ọmọ dákẹ́. Ó wo etí ẹ̀ títí. Etí ọkọ ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, inṣọ́ránsì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá Aránṣọ ṣì ń fìdí gòkè.

"Màmá, ẹ ti lè fẹsẹ̀ rìn o," àna ẹ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Jẹ́ kí inṣọ́ránsì máa ṣiṣẹ́ ẹ̀. Èmi náà ń ṣe tèmi."

Ó wá abẹ́rẹ́ àti òwú, ó lẹ aṣọ mọ́ ìdí síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Kò dúró kó ya.