Ìborùn Tí Ṣírìn Fi Tọrẹ

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ṣírìn wá ṣiṣẹ́ aṣọ rírán ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Al-Aziziyah, àdúgbò kan ní Mẹ́kà, mo fi omi lọ̀ ọ́, ó ní rárá. Mo gbé ìrẹsì ọ̀sán mi síwájú rẹ̀ pé kó jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́, ó fọwọ́ lé àyà, ó ní òun ti yó. Mo bá fa abọ́ mi padà, mo jẹ ẹ́ tán. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ni mo rí i tí abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ebi ni. Ó ti ń retí kí n tún lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Ní Iran níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ, ẹni tó bá gba nǹkan ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, ọ̀kánjúà ni wọ́n ń kà á sí.

Aránṣọ ni mí. Jeddah ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, iṣẹ́ ẹnjiníà ló gbé e wá, àmọ́ Mẹ́kà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn Àlàájà pọ̀ sí. Àbáyà ni a máa ń rán jù. Ìṣẹ́tí àbáyà ẹni tó fẹ́ yí Káábà po kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ìka méjì ni a fi ń gbé e sókè, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó sì gbé ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣubú. Bí Ṣírìn bá ṣẹ́ aṣọ létí, ẹ yí i síta, ẹ yí i sínú, ẹ ò ní rí òwú níbì kankan. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń ránṣọ, n kò tíì rí ọwọ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà. Oníṣòwò kan ní Jeddah ló fẹ́ ìyá rẹ̀, ìyá náà sì mú un wá. Èmi náà bí ọmọbìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀ lórí àwọn méjèèjì. Bí Ṣírìn bá lọ ra òwú ní títì kejì, mo ti wọ bàtà, mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn, bóyá n ó sáré lọ wá a. Láti Jeddah, a jọ ń lọ, a jọ ń bọ̀. Inú ọkọ̀ ló ti kọ́ Yorùbá lẹ́nu mi, títí tó fi ń kúnlẹ̀ kí àwọn oníbàárà, tó sì ń pè mí ní Màámi.

Nítorí òtútù ẹ̀rọ amúlétutù, ó máa ń fi ìborùn kan wé ọrùn. Ìyá àgbà tó tọ́ ọ ló fọwọ́ ṣe òdòdó ara rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ṣírìn dé Jeddah ni ìyá àgbà náà kú.

Lọ́jọ́ kan, Àlàájà kan láti Ìjẹ̀bú-Òde, tó wá ṣe Úmúrà, wá gba àbáyà rẹ̀.

"Ọmọ mi, ìborùn yìí mà dára o! Irú iṣẹ́ ọwọ́ wo rèé?"

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Ṣírìn tú u lọ́rùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Tiyín ni, Àlàájà."

"Èmi? Háà! Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ rere! Wàá bímọ, wàá là!" Ó ká a sínú báàgì, ó sì ń ṣàdúrà lọ títí tó fi jáde.

Nílé wọn ní Iran, bí wọ́n bá ní "Tiyín ni," ẹni tó yin nǹkan gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Rárá, ìwọ ló yẹ jù." Àlàájà kò mọ̀. Ṣírìn fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ tó ti ṣófo.

Mo ti wọ bàtà. "Jẹ́ kí n sáré bá a!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Ẹnu mi ni mo fi fún un. Ẹ má bá mi sọ ọ́."

"Tó bá wọ bàálù lọ ńkọ́?"

"Á gbé e lọ nìyẹn." Ó jókòó, ó ń ránṣọ lọ. Èmi ni n kò lè jẹun.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá fún àwa Yorùbá ní nǹkan lónìí, a gbọ́dọ̀ wá dúpẹ́ lọ́la. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àlàájà wọlé. "Ẹ ṣeun àná o! Àbúrò mi rí i, ó ní òun náà fẹ́ níbẹ̀. Ọmọ mi, bá mi gé e sí méjì, kí o ṣẹ́ ẹ létí. Ọ̀sán yìí la ń lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú."

Mo ti la ẹnu. Ṣírìn tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì. Ó tẹ́ ìborùn náà, ó fi téèpù wọn àárín rẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ó mú sísọ́ọ̀sì. Ó wá dúró.

"Àlàájà, kí n tó gé e, mo fẹ́ kí ẹ mọ ẹni tó ṣe é. Ìyá ìyá mi ni. Ó ti kú. Àmọ́ tiyín ni. Tí ẹ bá ní kí n gé e, màá gé e."

Àlàájà já a gbà lábẹ́ sísọ́ọ̀sì. "Sùbúhánálàhì! Ta wá ni ó ní kí o fún mi?"

"Ẹ yìn ín ni. Nílé wa, tí èèyàn bá yin nǹkan wa, a máa ń ní tirẹ̀ ni. Òun náà á sì ní rárá."

Àlàájà wò mí, ó jókòó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé kì í ṣe ohun tí àwa náà ń ṣe nìyẹn? Mo ń jẹun, aládùúgbò ń kọjá, mo ní kó wá bá mi jẹun. Ṣé mo rò pé á jókòó, á fọwọ́ bọ abọ́ ni? Yéè! Èmi ni mo jókòó ti abọ́ alábọ́ yìí o!"

Ó na ìborùn náà sí Ṣírìn. "Gbà."

"Rárá, Àlàájà, tiyín ni."

Èmi ni mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì báyìí.

"Mo ní kí o gbà."

"Ẹ̀yin ló yẹ jù."

"Ó dáa náà." Àlàájà ń rọra ká a padà sínú báàgì, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. "Màá máa gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú."

Kíá ni Ṣírìn fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀, ó na ọwọ́. "Ẹ ṣé, Màámi Àlàájà. Ẹ ó pẹ́ fún wa."

"Ẹ̀hẹ́n! Ọmọ ti dé ilé!" Àlàájà fúnra rẹ̀ ló wé e mọ́ ọn lọ́rùn.

Lónìí, Ṣírìn ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí mo bá gbà síṣẹ́ bí a ṣe ń ṣẹ́ aṣọ létí. Mo máa ń gbọ́ ọ tó ń kìlọ̀ fún wọn pé, "Tí Àlàájà bá yin ohun tó wà lọ́rùn rẹ, 'ẹ ṣeun' ni kí o sọ, kí o máa ránṣọ rẹ lọ." Bó bá lọ ra òwú, mo ṣì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́ n kì í wọ bàtà mọ́.